William Hogarth: Ọmọ onígbèsè tó fi iṣẹ́ fífín dìde, tó sì gba òfin fún àwọn oníṣẹ́ ọnà

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1720, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fín orúkọ ara rẹ̀ sára abala bàbà kékeré kan. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pélébé, ó sì fi ìwé náà kéde fún ará ìlú pé òun ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ fífín. Orúkọ rẹ̀ ni William Hogarth.

Kò ní ṣọ́ọ̀bù ti ara rẹ̀. Ilé ìyá rẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Kò ní ogún tí yóò gbára lé; gbèsè ti ba ayé baba rẹ̀ jẹ́ kí ó tó kú. Kò tilẹ̀ parí iye ọdún tí ó yẹ kí ó lò lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́.

Síbẹ̀, ní ọdún 15 lẹ́yìn náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin kan tí àwọn ènìyàn ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Òfin náà dá lórí ìbéèrè kan tí àwọn olórin, òṣèré àti òǹkọ̀wé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀ dáadáa: bí ènìyàn bá fi làálàá ṣe iṣẹ́ ọnà, tí ẹlòmíràn wá dà á kọ tí ó sì ń tà á, ta ni ó ni èrè rẹ̀?

Baba tí ìwé rẹ̀ kò rí ìtẹ̀jáde

Ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1697 ni wọ́n bí Hogarth ní Smithfield, àdúgbò tí wọ́n ti ń ta màlúù àti àgùntàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Richard ni orúkọ baba rẹ̀. Olùkọ́ èdè Látìn ni, ó sì ti ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sí olú ìlú.

Nígbà tí iṣẹ́ olùkọ́ kò mówó wọlé tó, Richard ṣí ilé kọfí kan. Èrò rẹ̀ ni pé kí àwọn ọ̀mọ̀wé máa wá síbẹ̀, kí wọ́n máa mu kọfí, kí wọ́n sì máa fi èdè Látìn tàkúrọ̀sọ. Òwò náà kò pẹ́ tí ó fi forí ṣánpọ́n, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ẹni tí a jẹ lówó lè mú kí wọ́n ti onígbèsè mọ́lé títí yóò fi san án. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Fleet ni wọ́n gbé Richard lọ. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni òun àti ìdílé rẹ̀ fi wà lábẹ́ ìdè gbèsè yìí. Ọdún 1712, nígbà tí òfin àánú kan jáde fún àwọn onígbèsè, ni ó tó bọ́.

Richard kò yéé gbìyànjú. Ó kó ìwé atúmọ̀ èdè Látìn ńlá kan jọ, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọn òǹtàwé àti àwọn ènìyàn ńlá tí wọ́n ṣèlérí ìrànlọ́wọ́ fún un. Ìlérí náà já sí òfo. Ìwé náà kò rí ìtẹ̀jáde, ó sì kú ní ọdún 1718.

Ọmọ rẹ̀ gbà títí dọjọ́ ikú pé ìjákulẹ̀ yìí ni ó ké ẹ̀mí baba òun kúrú. Nínú gbogbo ohun tí Hogarth kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, kò mẹ́nu ba ọgbà ẹ̀wọ̀n náà rí. Ṣùgbọ́n ohun kan dá a lójú láti ìgbà èwe: ẹni tí ó bá fi èrè iṣẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn alágbàtà, àfàìmọ̀ kí ebi má pa á.

Láti orí fàdákà dé orí bàbà

Nǹkan bí ọmọ ọdún 16 ni Hogarth nígbà tí wọ́n fi í sí ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ellis Gamble, ẹni tí ń fín ọnà sára fàdákà. Ọdún méje ni àdéhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi irin kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó gbẹ́ àmì ìdílé àwọn ọlọ́rọ̀ sára àwo, ife àti ṣíbí fàdákà.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù, ó sì kọ́ ọ ní ìfarabalẹ̀ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ó sú u. Àwọn kìnnìún àti ẹranko abàmì tí ó ń fín lójoojúmọ́ kò jọ ohunkóhun tí ó ń rí ní ìgboro. Lẹ́yìn ikú baba rẹ̀, ó fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún méje tó pé. Ìyá rẹ̀ ń bẹ nílé, àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, Mary àti Ann, sì ń bẹ pẹ̀lú.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín fífín fàdákà àti fífín bàbà, inú ìyàtọ̀ yìí ni òwò Hogarth sì ti dàgbà. Ẹni tí ó fín ife fàdákà kan gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ife náà sì bá olówó rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fín àwòrán sára bàbà ní ohun tí yóò máa pawó fún un níwọ̀n ìgbà tí bàbà náà bá ṣì dára.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Oníṣẹ́ náà yóò gbẹ́ ìlà tín-ín-rín sínú bàbà tí ó ń dán, ohun tí ó yẹ kó wà lápá ọ̀tún yóò wà lápá òsì. Yóò ta tàdáwà lé e títí tàdáwà yóò fi wọ inú ìlà. Yóò nu ojú bàbà náà mọ́, kí tàdáwà má baà ṣẹ́ kù síbòmíràn yàtọ̀ sí inú ìlà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tẹ́ ìwé tútù lé e, tí yóò sì ti méjèèjì gba àárín ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wúwo. Abala bàbà kan lè mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán jáde.

Òwò kékeré ni Hogarth fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń fín ìwé ìkéde fún àwọn ọlọ́jà, àmì orúkọ tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń lẹ̀ mọ́ inú ìwé wọn, ìwé ìpè síbi ìsìnkú, àti àwòrán inú ìwé tí àwọn òǹtàwé bá gbé fún un. Nígbà tí àwọn àbúrò rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ, òun ni ó fín ìwé ìkéde wọn.

Ó ń lọ kọ́ yíyà àwòrán ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní St Martin's Lane. Ó tún kọ́ ara rẹ̀ láti máa fi ojú ká ohun tí ó bá rí, kí ó sì yà á láti inú ọpọlọ nígbà tí ó bá délé. Wọ́n ní bí ó bá rí ojú ẹni tí ó wù ú ní ìgboro tí kò sì sí ìwé lọ́wọ́, a máa yà á sórí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn àwòrán àkọ́kọ́ tí ó dá ṣe fúnra rẹ̀ dá lórí ilé iṣẹ́ South Sea, èyí tí àdéhùn kíkó àwọn ẹrú Áfíríkà lọ sí àwọn ilẹ̀ Sípéènì ní Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1720, iye tí wọ́n ń ta ìpín ìdókòwò ilé iṣẹ́ náà fò sókè, ó sì já wálẹ̀ lójijì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di òtòṣì mọ́jú. Hogarth ya ìgboro tí ìwọra ti sọ di wèrè.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n jí iṣẹ́ rẹ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 1724, Hogarth ṣe àwòrán kan tí ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń tẹ̀lé ohun tí ó bá ṣáà ti òkè òkun dé. Kò fẹ́ kí àwọn òǹtàwòrán jẹ èrè náà mọ́ òun lọ́wọ́, nítorí náà ó gbìyànjú láti tà á fúnra rẹ̀, ní ṣílè kan.

Àwòrán náà gbajúmọ̀ kíákíá, òkìkí náà gan-an ni ó sì kó bá a. Láàárín àkókò díẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtàwòrán ti gbé àdàkọ rẹ̀ síta ní ìdajì owó. Èyí tí Hogarth fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ni wọ́n ń dá padà fún un pé kò tà.

Kò sí ibi tí yóò gbé ẹjọ́ lọ. Láti ọdún 1710 ni òfin ti wà tí ó dáàbò bo àwọn tó ń kọ ìwé, ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa àwòrán. Bí ẹnikẹ́ni bá ra àwòrán kan, tí ó dà á kọ sára bàbà tirẹ̀, tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́, kò sí òfin tí ó rú.

Nítorí náà, nígbà tí ó fín àwòrán ńlá 12 lórí ewì Hudibras ní ọdún 1726, ọwọ́ òǹtàwòrán ni ó gbé e sí. Iṣẹ́ náà sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá, ṣùgbọ́n owó gidi kò kàn án. Ọdún 1728 sì ni oníṣòwò aṣọ ọlọ́nà kan, Joshua Morris, kọ̀ láti san owó iṣẹ́ tí ó gbé fún un, nígbà tí ó gbọ́ pé oníṣẹ́ fífín ni Hogarth, pé kì í ṣe ayàwòrán. Hogarth pè é lẹ́jọ́, ó sì jàre.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1729, òun àti Jane, ọmọ Sir James Thornhill, ayàwòrán ọba, yọ́ lọ ṣe ìgbéyàwó láìgba àṣẹ baba obìnrin náà. Inú bí Thornhill. Nígbà tí ó yá tí ó rí ohun tí àna rẹ̀ lè ṣe, ó dárí jì wọ́n.

Àsansílẹ̀ owó àti ìtàn Moll

Ohun tí ó yí àna rẹ̀ lọ́kàn padà náà ni ó sọ òwò kékeré di òwò ńlá. Hogarth ya àwòrán mẹ́fà tí ó so kọ́ra bí ìtàn, nípa ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Moll Hackabout.

Moll ti abúlé wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti wá iṣẹ́. Obìnrin arúgbó kan tí ó múra dáadáa pàdé rẹ̀ níbi tí ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án. Láti ibẹ̀ ó di aṣẹ́wó, ó dé ẹ̀wọ̀n, àìsàn sì mú un. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tí ó kú. Àwọn tí ó wá síbi òkú rẹ̀ ń mutí, wọ́n sì ń jalè lára wọn. Kò sí ará Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, Hogarth kò gbà kí òǹtàwòrán kankan wà láàárín òun àti oníbàárà. Ó kéde àsansílẹ̀ owó: gínì kan, ìyẹn ṣílè 21, ni àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Oníbàárà yóò san ìdajì kí iṣẹ́ tó parí, yóò sì san ìyókù nígbà tí ó bá gbà á. Hogarth fín àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ó parí wọn ní ọdún 1732, àwọn tí ó ti sanwó lé ní 1,200. Ìyẹn ju pọ́ùn 1,260 lọ, owó ńlá láyé ìgbà náà, láti inú abala bàbà mẹ́fà.

Àwọn olè náà kò sùn. Oríṣiríṣi àdàkọ ayédèrú kún ìgboro, wọ́n sì ya Moll sára abẹ̀bẹ̀ àti ife tíì. Hogarth kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Bí òfin ṣe jáde

Ní ọdún 1735, Hogarth àti àwọn oníṣẹ́ ọnà mélòó kan, lára wọn ni George Vertue, George Lambert àti John Pine, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọ́n ṣàlàyé pé bí àdàkọ ṣe ń tà ní owó pọ́ọ́kú ń sọ ẹni tí ó ṣe ojúlówó di aláìní, àti pé kò ní pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní fẹ́ ṣe ohun tuntun mọ́.

Àwọn aṣòfin gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn. Òfin náà fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀dá àwòrán títẹ̀ ní àṣẹ ọdún 14 lórí rẹ̀, bí ó bá ti fín orúkọ àti ọjọ́ ìtẹ̀jáde sí ẹsẹ̀ àwòrán náà. Ẹni tí ó bá dà á kọ láìgba àṣẹ yóò pàdánù bàbà àti gbogbo ìwé tí ó tẹ̀, yóò sì san ṣílè márùn-ún lórí ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ká mọ́ ọn lọ́wọ́. Òfin Hogarth ni wọ́n ń pè é.

Hogarth ti parí ìtàn mìíràn nígbà náà, àwòrán mẹ́jọ nípa ọmọ olówó tí ó ná ogún baba rẹ̀ tán. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́ títí òfin yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn òǹtàwòrán rán àwọn ènìyàn wá sílé rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wo àwòrán, wọ́n ká a sórí, wọ́n sì lọ ṣe àdàkọ wọn jáde ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1735 ni ojúlówó jáde, tòun ti orúkọ àti ọjọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí òfin ṣe wí. Láti gbá àwọn ayédèrú lọ́jà, Hogarth fún Thomas Bakewell láṣẹ láti ṣe àdàkọ kékeré tí owó rẹ̀ jẹ́ ṣílè méjì ààbọ̀, kí mẹ̀kúnnù tí kò lágbára ojúlówó má baà lọ ra ti olè.

Àwòrán keje nínú mẹ́jọ náà fi ọkùnrin kan hàn tí gbèsè ti gbé dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Fleet ni ọgbà náà, ibi tí baba Hogarth wà.

Ilé tí ó ní orí aláwọ̀ wúrà

Láti ọdún 1733 ni Hogarth ti kó lọ sí Leicester Fields, nítòsí ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́. Ó fi èèpo igi kọ́ọ̀kì gbẹ́ orí ayàwòrán Van Dyck, ó kùn ún ní àwọ̀ wúrà, ó sì gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ilé, ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ó fi kú.

Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, ó ń gba àwọn mìíràn. Fún ìtàn rẹ̀ nípa ìgbéyàwó tí àwọn òbí ṣe nítorí owó, tí ó jáde ní ọdún 1745, àwọn ará Faransé ni ó gbé fífín rẹ̀ fún. Nígbà tí ó ta àwọn àwòrán aláwọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ìtàn náà ti wá ní ọdún 1751, pọ́ùn 126 péré ni ó rí. Bàbà ni ó ń bọ́ ọ, kì í ṣe àwòrán aláwọ̀.

Ọdún 1751 náà ni ó ṣe àwòrán méjì tí ó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lórí ọtí bíà, ìkejì lórí ọtí jíìnì tí ń pa àwọn tálákà Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìkejì, ìyá kan tí ọtí ń pa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Ṣílè kan ni ó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè kárí. Ọdún náà ni ìjọba ṣe òfin tí ó ká títa jíìnì lọ́wọ́ kò.

Òun àti Jane kò bímọ. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣàkóso Foundling Hospital, ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí òbí wọn kọ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì gba lára àwọn ọmọ náà tọ́.

Àwọn ọmọ Áfíríkà nínú àwòrán rẹ̀

Àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú àwòrán Hogarth. Nínú ìtàn Moll, ọmọkùnrin kékeré kan tí ó wé láwàní gbé kẹ́tù omi wọlé, ó sì ń wo ìjà àwọn òyìnbó tìyanutìyanu. Nínú ìtàn ìgbéyàwó, ọ̀kan ń bu ohun mímu fún àlejò, ọmọdé kan sì ń fi ìwo orí ère rẹ́rìn-ín nítorí ó mọ̀ pé ìyàwó ilé náà ń dalẹ̀ ọkọ rẹ̀.

Wọ́n jẹ́ àwọn tí òwò ẹrú gbé dé ilé àwọn ọlọ́rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Díẹ̀ nínú wọn ni ó rí ẹni kọ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 1985, David Dabydeen, òǹkọ̀wé ọmọ Guyana, kọ odindi ìwé lórí wọn, ó sì fi hàn pé àwọn ni wọ́n sábà máa ń rí ìwà àgàbàgebè àwọn ọ̀gá wọn kedere.

Ohun tí ó kù fún Jane

Ìparí ayé Hogarth kò rọgbọ. Ó bá olóṣèlú John Wilkes, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, jà, wọ́n sì tú ara wọn síta, ọ̀kan nínú ìwé ìròyìn, èkejì nínú àwòrán. Àwòrán rẹ̀ ìkẹyìn, ní ọdún 1764, fi òpin ayé hàn: Àkókò fúnra rẹ̀ nà sílẹ̀, ó ń kú lọ. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Hogarth kú ní ẹni ọdún 66. Chiswick ni wọ́n sin ín sí.

Àwọn abala bàbà rẹ̀ ni ogún tí ó fi sílẹ̀ fún Jane, ó sì ń tẹ àwòrán láti ara wọn, ó ń tà á nínú ilé kan náà. Ọdún 14 ti òfin ti parí lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1767, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ ọdún 14 di 28, wọ́n sì dárúkọ Jane gan-an nínú òfin náà: wọ́n fún un ní ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ da àwòrán ọkọ rẹ̀ kọ.

Ogún ọdún náà pé ní ọdún 1787. Jane ti di arúgbó, owó kò sì wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní pọ́ùn 40 lọ́dọọdún. Ó kú ní ọdún 1789.

Òfin náà dé Nàìjíríà

Ní ọdún 1911, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin kan ṣoṣo rọ́pò òfin Hogarth àti àwọn mìíràn tí ó jọ ọ́, wọ́n kó ìwé, orin, eré àti àwòrán pọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú un wọ Nàìjíríà, tí ó wà lábẹ́ ìjọba wọn. Òun ni ó wà títí Nàìjíríà fi ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n ṣe òmíràn ní ọdún 1988, tí òfin ọdún 2022 sì rọ́pò ìyẹn.

Bí olórin bá gbé ẹni tí ó ń ta ayédèrú rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ lónìí, ọ̀nà tí ó ń tọ̀ ni èyí tí ọmọ Richard Hogarth bá wọn là ní ọdún 1735. Ìwé atúmọ̀ èdè tí Richard fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ti ṣègbé. Orúkọ tí ọmọ rẹ̀ fín sí ẹsẹ̀ àwòrán kò tíì parẹ́.